Ìtàn Adìyẹ Tí Ìyá Mi Sọ ní Ifẹ̀wàrà

Ní ọjọ́ tí mo kúrò nílé, ìyá mi kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń fọ gbágùúdá tí yóò fi ṣe àtiẹkẹ́, oúnjẹ tó ń tà, kò sì gbójú sókè. Mo dúró tì í títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, èdè Baúlé tirẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní àlejò kí ìwọ náà sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín." Mo gbé báàgì mi, mo lọ. N ò ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀, n ò ní sọ̀rọ̀ bọ́dà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò gbà á rí kò sì pàdánù ohunkóhun.

Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣí lọ ṣòwò níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ọmọ Baúlé ni ìyá mi, ìyẹn ni pé òun ló ni ilẹ̀. Níwájú bàbá, Yorùbá là ń sọ. Nídìí ààrò, Baúlé ni. Bí a bá ti jáde síta, Faransé ni. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ wá sí Ẹ̀jìgbò kí wọ́n lè sin ín sílé, ìyá mi sì bá wọn wá. Kò tíì sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ fún mi rí. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ó jókòó láàrin àwọn obìnrin ilé, ọ̀kan nínú wọn sì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ta ló fi àlejò yìí síbí?" Obìnrin tó ti ń se oúnjẹ fún ọmọ wọn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú! Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi kò ti sọ Yorùbá mọ́. Bí mo bá sọ ọ́ sí i, Baúlé ni yóò fi dá mi lóhùn. Bí àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá bá kí i, á kàn mirí.

Ẹ wá wo èmi tí mo wá ní ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ. Ní Àbíjàn, orúkọ bàbá mi kì í jẹ́ kí n rímú mí. Bí mo bá fi káàdì mi hàn níbi iṣẹ́, wọ́n á ní, "Anago ni ọ́. Ṣé o ò ní ilé ni?" Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún. Wọ́n bi mí títí, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi. Mo ní ó yá, kí n lọ wo ilé náà.

Búrẹ́dì ni nǹkan àkọ́kọ́ tó fi hàn mí pé n kò tíì délé. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo dé sí, ní Ọ̀fàtẹ̀dó lẹ́yìn Òṣogbo. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní dìpẹ́ẹ̀nì kan." Bí àwa ọmọ Ẹ̀jìgbò ṣe ń pè é ní Àbíjàn nìyẹn, àtọmọdé àtàgbà, mo sì ti rò láti kékeré pé Yorùbá ni, n ò mọ̀ pé Faransé ni. Obìnrin tó ń tajà wọlé lọ, ó mú pẹ́ẹ̀nì ìkọ̀wé jáde.

"Búlúù ni àbí dúdú?"

"Rárá mà. Èyí tí wọ́n ń jẹ."

"Pẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ń jẹ?" Ó pe ọmọ rẹ̀ kó wá gbọ́. Nígbà tí mo nawọ́ sí búrẹ́dì níbi tó wà, tìyá-tọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé yàrá ni mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi, mo sì gbé búrẹ́dì náà tì.

Àǹtí mi tọ́jú mi dáadáa, n ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ọlọ́ṣun ni, ọkọ rẹ̀ ń kírun, ọmọ wọn àgbà sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà lórí rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ yẹ kó rọrùn fún ẹni tó jẹ́ àdàlù bíi tèmi. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ti ń wọlé, àǹtí mi á ní, "Ọmọ wa tó ti Àbíjàn dé rèé." Oṣù kan, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, n kò yé ti Àbíjàn dé. Mo rí iṣẹ́ Faransé kíkọ́ ní ilé ìwé kan ládùúgbò, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì máa ń sọ pé, "Àǹtí, ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi màmá màmá wa." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Yorùbá tí àwọn bàbá wa dì mọ́ ẹrù nígbà tí wọ́n ń lọ ni mo ń sọ. Wọ́n gbé e lọ, kò dàgbà mọ́. Èyí tó wà nílé ti dàgbà kọjá a.

N kò lè jókòó sójú kan. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo lè ṣàdédé wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀jìgbò, kì í ṣe láti kí ẹbí, bí kò ṣe láti lọ wo àwọn bọ́ọ̀sì Àbíjàn tó ń kó ẹrù. Mo máa ń dúró lábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà títí ọkọ̀ á fi gbéra. Lẹ́yìn náà ni n óò padà sí Òṣogbo.

Mo ń pe ìyá mi déédéé. Òun náà kì í ṣàì gbé fóònù. Á bi mí bóyá mo ti jẹun, á sọ fún mi pé gbágùúdá ti gbówó lórí, á bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀, a ó sì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti máa ń gbọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń ná ọjà. Á ṣe mí bíi kó má pa fóònù náà.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń ràn àwọn tíṣà lọ́wọ́ ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́, torí pé mo gbọ́ èdè púpọ̀. Iṣẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé: kí á máa kó ìwé ìtàn oríṣiríṣi ẹ̀yà lọ sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti Haúsá, ti Ìgbò, ti Tífì, ti Gánà àti ti ilẹ̀ tó jìnnà ju ìyẹn lọ, kí á sì fi han àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe lè lò wọ́n ní kíláàsì. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n pín fún mi. Ọ̀gá wa sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní bí kò bá sí ilé ìwé kankan tó gbà á níbẹ̀ kí táàmù tó parí, a ó kó àwọn ìwé náà lọ síbòmíràn, iṣẹ́ mi á sì tán síbẹ̀.

A pe àwọn tíṣà jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Iléṣà. Mo tẹ́ àwọn ìwé náà sórí tábìlì, àwòrán wọn ń dán. Mo sọ̀rọ̀, mo ní ọmọ Baúlé ni ìyá mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Wọ́n gbọ́ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n jẹ mítípáì, wọ́n mu mínírà. Nígbà tí mo ní ta ló ní ìbéèrè, obìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. Ó ti tó ẹni tó súnmọ́ ìfẹ̀yìntì, ó wọ aṣọ àǹkárá kan tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ìyáàfin Fádípẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní Ifẹ̀wàrà.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà níwájú mi, bí mo bá pe ilé ní ulé, bí mo bá pe iṣu ní uṣu, ṣe ni wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èdè ará oko ni. Ìtàn tiwa ti ń bọ́ lọ lọ́wọ́ wa, o wá ń kó ti ìlú oníìlú bọ̀ wá fún wa. Ibo ni ká kó o sí?"

Àwọn tíṣà yòókù pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó tún rántí nǹkan kan, ó dìde padà.

"Ìwọ náà, tìrẹ ńkọ́? Èdè ìyá rẹ, ṣé o gbọ́ ọ délẹ̀?"

Mo ní, "Mo gbọ́ díẹ̀, mà." Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹyọ ìwé kan tó kúrò lórí tábìlì.

Mo rò pé n óò gbàgbé ìbéèrè náà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ń bá mi rìn kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Baúlé nínú orí mi bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Kí là ń pe èjìká? Kí là ń pe ìrì? Òmíràn jáde, òmíràn kò jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wọ ọkọ̀ Ifẹ̀wàrà láìsọ fún ọ̀gá mi.

Ìyáàfin Fádípẹ̀ kò ké mọ́ mi. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí n wo kíláàsì òun. Oko kòkó pọ̀ lágbègbè yẹn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ti ọ̀nà jíjìn wá, nítorí náà àwọn ọmọ Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Tífì wà níbẹ̀, àwọn tí òbí wọn ti Kútọnu wá wà níbẹ̀. Mo dìde, mo bi wọ́n pé, "Ta ló ń sọ èdè mìíràn nílé?"

Kò sí ẹni tó na ọwọ́.

Ìyáàfin Fádípẹ̀ wo ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Ọ̀zọ́hù, ṣé ẹ kì í sọ Ẹ̀bìrà nílé ni?"

"Rárá, mà."

Tíṣà fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, ó jókòó tì mí, ó ń fi ọwọ́ nu ẹfun lára tábìlì rẹ̀. "Irọ́ ni ọmọ yẹn pa. Àná ni mo gbọ́ ọ níta pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tó ń sọ ọ́ bí omi." Ó gbọn ẹfun kúrò lọ́wọ́. "Bí àwọn ọmọ tiwa ṣe ń tijú Ìjẹ̀ṣà ló ń tijú tirẹ̀. N kò wò ó báyìí rí."

Mo fẹ́ tètè mú ìwé kan jáde nínú báàgì. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi ìwé sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá máa ní káwọn ọmọ yìí má tijú, kí òun alára má tijú. Ìtàn ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ mú wá, ní èdè ìyá rẹ. Bí mo bá gbọ́ ìyẹn, n óò gba àwọn ìwé rẹ wọ kíláàsì mi, n óò sì bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀."

Láti ìdí ọkọ̀ ni mo ti pe Àbíjàn. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ ilé ìwé, lórí fóònù."

"Àwọn ọmọ ta ni?"

"Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọmọ Ẹ̀bìrà. Àwọn ọmọ àlejò tó ń ṣiṣẹ́ oko."

"Ṣé ọmọ Ẹ̀jìgbò wà níbẹ̀?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, Màmá."

Ó pa fóònù. Mo ti ń wá bí n óò ṣe sọ fún ọ̀gá mi pé gbogbo rẹ̀ ti tán, nígbà tí fóònù dún.

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Baúlé ni n óò sọ o. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá kó wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún un."

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, a gbé fóònù sórí tábìlì tíṣà, a ṣí ohùn rẹ̀ síta. Nẹ́tíwọ̀kì kọ́kọ́ dà wá láàmú, a gbé e lọ sí ojú fèrèsé kí ohùn tó mọ́. Ètò wa ni pé ìyá mi á sọ ọ́ ní Baúlé, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá, Ìyáàfin Fádípẹ̀ á wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀ṣà pọ́nńbélé. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìyẹn kún un, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ti ẹni tó fẹ́ ṣeré.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kún kíláàsì náà, àwọn ọmọ sì tẹ́tí sílẹ̀. Wọn kò mọ ohun tó ń wí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìtàn ni. Ó ní adìyẹ kan wà tí iná jó igbó rẹ̀, ló bá ṣí lọ sí ìlú àwọn ẹtù. Àwọn ẹtù ní ó lè máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, bó bá ti lè máa ké bí wọ́n ṣe ń ké. Adìyẹ kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó ń ké bí ẹtù láàárọ̀, ó ń ké bí ẹtù nírọ̀lẹ́. Ó yé ẹyin, ó sàba lé e. Lọ́jọ́ tí ẹyin pa, àwọn ọmọ yọrí jáde, wọ́n la ẹnu, igbe adìyẹ ni wọ́n ké. Gbogbo ìlú ẹtù dúró wò ó.

Èmi sọ ọ́, Ìyáàfin Fádípẹ̀ gbà á lẹ́nu mi, ó ń ké bí ẹtù, ó ń ké bí adìyẹ, àwọn ọmọ ń dojú délẹ̀ fún ẹ̀rín. Kò sí ẹni tó rántí fi Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ ṣẹlẹ́yà.

Ìyá mi sọ èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ kan wà níparí rẹ̀ tí mi ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Mo lérò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo kọjú sí àwọn ọmọ, mo ní, "Ni adìyẹ bá kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó padà sílé."

"Rárá o!"

Inú fóònù ni ohùn náà ti jáde. Yorùbá ni.

"Rárá o! N ò sọ pé ó padà sílé. Padà sílé ibo? Ṣé iná ò ti jó ibẹ̀ ni? Mo ní ó kọ́lé. Ó kọ́lé sáàárín ìlú ẹtù, gbogbo wọn sì ń rí i. Ẹ má gbọ́ ti ọmọ yìí, kò gbọ́ Baúlé dáadáa."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ń lu tábìlì. Ìyá mi kò dúró. Ó tún ìparí ìtàn náà sọ láti orí adìyẹ tó ń kó koríko dé orí àwọn ẹtù tó wá wo ilé, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, Yorùbá Ẹ̀jìgbò, pẹ̀lú bí bàbá mi ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn níparí. Mo di etí tábìlì mú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti gbọ́ ohùn bàbá mi kẹ́yìn, àfi bó ṣe ń ti ẹnu ìyá mi jáde yìí, níwájú àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìyáàfin Fádípẹ̀ gbé fóònù náà. "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

"Ẹ̀yin náà ẹ kú wàhálà wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ń jẹun níbẹ̀?"

"Ó rù díẹ̀."

"Mo mọ̀! Ó ń parọ́ fún mi!"

Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Èmi jáde lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì, mo sì sunkún tó tó mi.

Mo rò pé nǹkan ti yí padà láàárín èmi àti ìyá mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pè é, mo sì fi Yorùbá kí i. Baúlé ló fi dáhùn. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ láàárọ̀ yìí." Ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn ni mo bá sọ ọ́. Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ló bi mí ìgbà tí mò ń bọ̀.

Mo ti ronú sí i, nínú ọkọ̀, lẹ́yìn ọ̀kadà, níbi tí mo ti ń dúró de àwọn tíṣà. Mo ti ń fọkàn sí i pé ilé jẹ́ ibì kan tí ẹ̀sẹ̀ èèyàn máa ń dé, tí ara á sì rọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi sọ ìtàn rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ dídé rárá. Ilé kíkọ́ ló sọ. Ìyẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé kì í rí ibi jókòó. Síbẹ̀ mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe, ó sì pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n kẹ́yìn. Nígbà tí mo bá lọ sí Ẹ̀jìgbò báyìí, ọ̀dọ̀ ẹbí ni mo ń lọ, mo sì ń sọ fún wọn, láìrẹ́rìn-ín, pé obìnrin tí wọ́n pè ní àlejò ni ìyá mi.

Ìyáàfin Fádípẹ̀ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó gba àwọn ìwé náà, ó bá àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ilé ìwé kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà sì tún gbà á. Ọ̀gá mi fún mi ní ọdún kan sí i. Ṣùgbọ́n tíṣà yẹn kò jẹ́ kí ìwé nìkan dá wọlé. Ó ní kí òbí kọ̀ọ̀kan tó bá lè wá máa wá sọ ìtàn tiwọn. Àwọn kan kọ̀, àwọn kan ní àwọn kò ráyè.

Bàbá Ọ̀zọ́hù wá. Ó ti oko kòkó bọ̀, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi, ó sì bọ́ fìlà kó tó wọlé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó dúró níwájú pátákó, ó wo àwọn ọmọ, ó wo ọmọ tirẹ̀ tó tẹ orí mọ́ tábìlì, kò sì lè bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn ó yíjú sí Ìyáàfin Fádípẹ̀, ó fi Yorùbá tí kò dá a lójú bi í pé:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n sọ ọ́ ní tiyín ni, àbí ní tiwa?"

Ìyáàfin Fádípẹ̀ fa àga, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ, ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Ní tiyín, bàbá. Bí a bá ṣìnà, Ọ̀zọ́hù á mú wa bọ̀."

Ọmọ náà gbé orí sókè.